Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń dá yàrá gbà ní Igbókọ̀dá tàbí ní Ayétòrò, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín, àmọ́ owó tó ń bá a rìn kò kéré. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló gbà pé èyí tó bá ti òkè òkun wá ló dára jù, pé èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Aláàbà ní Èkó tàbí ní Àkúrẹ́ kò lè tó o. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tàbí ní Houston á ní òun fẹ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀yin á sì ní kó fi owó náà ra tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà, kó jù ú sínú kọ̀ǹtẹ́nà. Iṣẹ́ títún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi ní Igbókọ̀dá, títí ojú mi fi ṣú débi tí kò lè rí ẹnu wáyà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ mi ló kọ́ mi.

Ìmọ̀ràn mi rèé, kí ẹni tí kò ráyè kàwé títí dé ìsàlẹ̀ lè gbọ́ ọ: bí ẹ bá ń gbé etí òkun yìí, ẹ gba owó náà, kí ẹ ra tẹlifíṣọ̀n nílé, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ojúlé rẹ̀. Ẹ sì yanjú ọ̀rọ̀ iná ná, kí ẹ tó máa ronú bí ojú rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó.

Kì í ṣe pé mo kórìíra ohun òkèèrè. Ọmọ Ìlàjẹ wo ló lè kórìíra rẹ̀? Ojú òkun ni a bí wa sí. Ní 1885, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Jámánì tí wọ́n ń pè ní Gaiser ti bá Amápetu, ọba Máhìn, ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ Máhìn, kí ọ̀rọ̀ náà tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn apẹja wa ti wa ọkọ̀ dé Kamẹrúùnù, wọ́n dé Gábọ́ọ̀nù, wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Kò sì sí tẹlifíṣọ̀n kan lórí ilẹ̀ wa tí gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Láti October 31, 1959 tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn títí di òní, òkè òkun ni ojú rẹ̀ àti bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti ń wá. Àní èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó, Ṣáínà tàbí Kòríà ni wọ́n ti kó inú rẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ máa bèèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ibi tí wọ́n ṣe é fún ni kí ẹ bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí tẹlifíṣọ̀n onídìí gbàǹgbà. Wọ́n á gbé tòkúnbọ̀ dé láti London, gbogbo ilé á pé jọ, wọ́n á tàn án, àwòrán á yọ kedere. Ohùn ò ní sí. Kìkì ariwo bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ni wọ́n á máa gbọ́. Àwọn kan á ní ọmọ aráyé ló fọwọ́ kàn án. Kò sí ọmọ aráyé kankan níbẹ̀. Ìlànà PAL ni àwa àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ń lò nígbà náà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, mẹ́gáhọ́ọ̀tì 6 ni ohùn fi jìnnà sí àwòrán lórí afẹ́fẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, mẹ́gáhọ́ọ̀tì 5.5 ni. Ìyàtọ̀ táṣẹ́rẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di odi. A á tú ìdí rẹ̀, a á yọ fílítà kékeré kan kúrò, a á fi èyí tó bá tiwa mu sí i, ohùn á dé. Ẹni tó ni ín á san owó iṣẹ́, á san owó ọkọ̀ ojú omi ní àlọ àti àbọ̀, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun ní ojúlówó.

Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá tún le ju ìyẹn lọ. Ìlà 525 ni wọ́n fi ń ya àwòrán tiwọn nígbà náà, 625 ni tiwa. Ìgbà 60 ni tiwọn ń sọ jí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 ni tiwa. Àwòrán á máa yí gbirigbiri lójú rẹ̀, kò sì ní ní àwọ̀. Èyí tó bá jẹ́ pé SECAM àwọn Faransé nìkan ló mọ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Kútọnu nígbà náà, dúdú àti funfun ló máa fi hàn yín níbí. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti kún ṣọ́ọ̀bù mi rí débi pé n kò rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí.

Ẹ lè dá mi lóhùn pé ayé ìgbà yẹn ti lọ, pé dígítà ni gbogbo nǹkan báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dígítà náà ní ìlú tirẹ̀. Ìlànà DVB-T2 ni Nàìjíríà yàn. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní April 2016, orí rẹ̀ náà sì ni GOtv tó ń lo eríálì wà. ATSC ni Amẹ́ríkà ń lò. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún ará Amẹ́ríkà, bí ẹ gbé eríálì rẹ̀ ga ju igi àgbọn lọ, kò ní rí ohunkóhun mú nínú DVB-T2.

Ọmọkùnrin kan ti bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní dìkódà lòun máa so mọ́ ọn, pé okùn HDMI ò mọ Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí Ìlàjẹ. Ó gbọ́n, àmọ́ ó ṣì ku díẹ̀. Ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá ni dìkódà tiwa fi ń gbé àwòrán jáde. Púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, 60 nìkan ni wọ́n gbà. Ẹ ó so okùn náà tán, àkọlé Gẹ̀ẹ́sì kan á yọ lójú rẹ̀ pé òun ò mọ irú àwòrán yìí. Àwọn kan máa ń gbà á o, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tó mọ èwo ló máa gbà á kí ó tó dé orí omi?

Ọ̀rọ̀ fóòtì ló tún wà ńlẹ̀. Fóòtì 120 ni iná Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ ìwé kékeré kan mọ́. Bí ẹ bá rí 100-240V níbẹ̀, kò sí wàhálà, púlọ́ọ̀gù nìkan lẹ máa pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, tí ẹnì kan nínú ilé yín wá fi àìmọ̀ kì í bọ iná wa tààrà, èéfín ló máa kọ́kọ́ yọ. Tiransifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ wà lọ́jà lóòótọ́. Ẹ máa rà á lọ́tọ̀, ó ń jẹ iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ń gbóná, ọmọ kékeré kan ṣoṣo sì tó láti yọ púlọ́ọ̀gù níbẹ̀ kó kì í bọ ibòmíràn.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Ẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ ínṣì 55, ínṣì 65. Iná dà?

Ayétòrò tí àwọn Aládùúrà dá sílẹ̀ ní 1947, iná jẹnẹrétọ̀ ti ń tàn níbẹ̀ ní 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lókè ṣì ń tan fìtílà. Àwọn baba yín kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n da owó wọn pọ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tan iná. Lónìí, òkun ti gba apá tó pọ̀ nínú ìlú yẹn. Gbogbo wa la sì mọ bí gúúsù Oǹdó ṣe wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wáyà ìjọba ń rọ̀ dirodiro lórí òpó tí iná ò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn tún ni ibi tí wáyà dé. Ní Àwóyè àti ní Mọlútẹ̀hìn, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni ẹ fi ń mọ ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ sì mọ iye tí epo jẹ́. Ní May 29, 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦480. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n ń tà á lórí ilẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá bá yín náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n ní etí òkun yìí lójoojúmọ́, owó epo tó máa jó láàárín ọdún kan lè ju owó tẹlifíṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ lọ.

Sólà ni ọ̀nà àbáyọ, sólà sì ní ìṣirò. Ẹ mú bíírò. Tẹlifíṣọ̀n LED onínṣì 32 ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50. Bí ẹ bá wò ó fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, wáàtì-wákàtí 250 ni. Onínṣì 55 lè jẹ wáàtì 110. Wákàtí márùn-ún, ó di 550. Bátìrì olómi tàbí ti jẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ fóòtì 12, 100Ah, inú rẹ̀ gba 1,200, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìdajì nìkan ni kí ẹ máa lò, ìyẹn 600. Ẹ ti rí i báyìí. Onínṣì 32 á fi àyè sílẹ̀ fún gílóòbù, fún fáànù kékeré, fún fóònù gbogbo ilé. Onínṣì 55 á gbé gbogbo rẹ̀ jẹ, ẹ ó sì jókòó sínú òkùnkùn máa wò ó. Tí ó bá wá jẹ́ tòkúnbọ̀ pílásímà, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ nítorí pé àwọn òyìnbó ò fẹ́ ẹ mọ́, wáàtì 200 sókè ló ń jẹ. Ẹ má jẹ́ kí fífẹ̀ ojú rẹ̀ àti ẹ̀dínwó rẹ̀ tàn yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ̀gbọ́n yín fi owó ránṣẹ́. Iye tó fẹ́ ná sórí onínṣì 65 àti owó ọkọ̀ rẹ̀ lè ra onínṣì 32 tàbí 43 nílé, kí ìyókù sì di páànẹ̀lì àti bátìrì.

Iyọ̀ òkun ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní páànù lórí ilé yín mọ ohun tí atẹ́gùn yìí ń ṣe fún irin. Ohun kan náà ló ń ṣe fún bọ́ọ̀dù inú tẹlifíṣọ̀n. Mo ti ṣí ìdí èyí tí kò tíì pé ọdún méjì, tí gbogbo ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé, tí ìṣó rẹ̀ ti dógùn-ún débi pé orí rẹ̀ ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sí tẹlifíṣọ̀n tí atẹ́gùn òkun ò ní bá jà, ì báà ti Tokyo wá. Èyí ló fà á tí ìbéèrè àkọ́kọ́ mi fún ẹni tó fẹ́ rà á fi máa ń jẹ́: ta ni yóò tú ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣókùnkùn?

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n tuntun kì í sábà sí lórí àtẹ. Inú èyí tó ti kú, tó jẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ni a ti ń yọ bọ́ọ̀dù tó ṣì yè, tí a sì ń fi sínú tiyín. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín bá jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ iṣẹ́ á wọ ọkọ̀ lọ sí Aláàbà, á rí bọ́ọ̀dù rẹ̀ rà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan, ọmọ náà á rìn títí, ọwọ́ òfo ló máa gbé bọ̀. Wáráńtì náà kì í sábà kọjá orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tà á. Ìwé tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n yín ní Houston, Houston ló ti wúlò. Ní ti ojú rẹ̀, bí ó bá ti là, ẹ gbà pé ó ti tán. Owó ojú tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odindi.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ yìí, nítorí ó kan omi wa. Ní ọdún 2008, àwọn ajàfáyíká ti Greenpeace mú tẹlifíṣọ̀n kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ débi tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ atọpinpin pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ sí ní Hampshire. Ó yẹ kí wọ́n tú u palẹ̀ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gba èbúté Tilbury, ó wọ ọkọ̀ òkun, ó gúnlẹ̀ sí Èkó. Aláàbà ni wọ́n ti bá a láàárín ọjà tòkúnbọ̀. Ní February 2009 ni wọ́n fi ìròyìn náà léde. Ohun tó ti kú kí ó tó kúrò nílé rèé o, tó bọ́ sáàárín ọjà tí àwọn ènìyàn wa ń yọ owó rà. Nígbà tí àwọn olùwádìí yunifásítì Àjọ Àgbáyé àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn wo ohun tó ń gba èbúté Èkó wọlé ní 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ti lò ló ń wọlé lọ́dún. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú àwọn mọ́tò tòkúnbọ̀, tí wọ́n kó wọn rọ sínú bọ́ọ̀tù àti ìjókòó ẹ̀yìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún tí kò ṣiṣẹ́ rárá.

Níbo ni òkú yìí ń lọ? Ẹ̀yin ará omi, ẹ dá ara yín lóhùn. Mo ti rí wọn lẹ́yìn ilé, lábẹ́ pákó, nínú ẹrẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń mú akàn. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n onídìí gbàǹgbà, kílò bíi mélòó kan nínú ẹyọ kan. Mákúrì wà nínú ọ̀pá iná tó wà lẹ́yìn ojú àwọn LCD àkọ́kọ́. Àwọn tó fẹ́ bàbà inú wáyà ń sun ún níná, èéfín rẹ̀ á gba inú ilé kọjá. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Kókò. Kò jìnnà sí wa, ẹ wa ọkọ̀ gba ọ̀nà odò Benin, ẹ ó dé ibẹ̀. Ní 1988 ni àṣírí tú pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti Ítálì wá jù sínú àgbàlá ẹnì kan ní Kókò, owó ilé kékeré ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Gbogbo Nàìjíríà gbaná jẹ, ìjọba ní kí wọ́n kó o padà, wọ́n sì ṣòfin lórí rẹ̀ lọ́dún yẹn. A pariwo lórí àgbá nítorí pé a mọ̀ ọ́n sí májèlé. Tẹlifíṣọ̀n tó kú, ọwọ́ ara wa la fi ń gbà á wọlé, a tún ń sọ pé ẹ ṣé. Ìbínú ń bẹ nínú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Omi tí májèlé yìí ń bọ́ sí náà ni ẹ̀ ń mu, inú rẹ̀ ni ẹ ti ń pẹja, inú rẹ̀ ni ẹ ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ púpurú yín.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti kọ ẹ̀bùn. Ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun ń fi ìfẹ́ ṣe é. Àwọn kan nínú wọn sì ti fi owó ránṣẹ́ rí, owó ilé di owó ọtí, owó ọkọ̀ di owó ìyàwó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn láti máa fi ẹrù ránṣẹ́. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ ọ́ báyìí pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa bù sí i fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, iná tó wà lọ́dọ̀ wa ò gba irú ti ọ̀dọ̀ yín. Iye tí ẹ fẹ́ ná sórí rẹ̀ àti owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ra èyí tó máa ṣiṣẹ́ nílé, kí ìyókù di sólà. Tí mo bá rà á tán, màá fi rìsíìtì ránṣẹ́, màá sì ya fọ́tò ibi tí mo gbé e kọ́ sí.” Kí ẹ sì ṣe é lóòótọ́. Rìsíìtì kan ṣoṣo tí ẹ bá fi ránṣẹ́ á là yín lọ́nà ju àlàyé ọdún kan lọ. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi ₦460 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá ₦1,500 ní 2024. Ọjà náà gbówó lórí, a mọ̀, ṣùgbọ́n owó káfíńtà, owó ẹni tó máa so sólà, owó ọkọ̀ láti Igbókọ̀dá, naira la fi ń san án. Ibẹ̀ ni owó ẹ̀gbọ́n yín ti máa gùn.

Kí ẹ má wá rò pé mo ní àwọn oníṣòwò ilé jẹ́ áńgẹ́lì. Wọ́n ń tún tòkúnbọ̀ dì sínú páálí tuntun. Ẹ wo orí ìṣó tó wà lẹ́yìn rẹ̀: bí ọwọ́ bá ti kàn án, àpá á wà níbẹ̀. Wọ́n ń pe onínṣì 39 ní 43. Ẹ mú okùn ìwọ̀n dání, ẹ na án láti igun òkè apá kan sí igun ìsàlẹ̀ apá kejì, ojú nìkan, ẹ má ka etí rẹ̀ mọ́ ọn. Sẹ̀ǹtímítà 81 ni onínṣì 32, 109 ni onínṣì 43. Ẹ ní kí wọ́n tàn án, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan bí ẹ bá ráyè, nítorí àìsàn inú bọ́ọ̀dù kì í sábà yọjú àfi tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ẹ gbé àwòrán funfun gbòò sójú rẹ̀, kí ẹ wá àbàwọ́n. Ẹ gbé dúdú, kí ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jò. Kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà tẹlifíṣọ̀n náà. Òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà wà lẹ́yìn ẹni tó bá ra ọjà tó ní àbùkù, ṣùgbọ́n òfin ò lè gbèjà ẹni tí kò ní ẹ̀rí pé òun ra nǹkan.

Àwọn kan ń sáré lọ sí Aláàbà nítorí pé wọ́n á rí ẹ̀dínwó díẹ̀ ju Igbókọ̀dá tàbí Òkìtìpupa lọ. Lójú tèmi, bí iye tó fi wọ́n lé kò bá pọ̀, ẹ san án fún ará ilé. Lọ́jọ́ tó bá kọ̀ tí kò tàn, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ sì mọ ilé ìyá rẹ̀. Ẹ má tún jẹ́ kí ẹnu oníṣòwò kó yín lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, tí owó rẹ̀ wọ́n. Wíwo fíìmù tó mọ́lẹ̀ kedere fún wákàtí kan lè jẹ dátà tó tó gígábáìtì 3. Ní ibi tí ẹ ti ń gun orí afárá pákó kí ẹ tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pè, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Bí ẹ bá ti rà á, ìdúró ni kó dúró nínú ọkọ̀, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má sì gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé e. Ọ̀rá nípọn-nípọn méjì ni kí ẹ fi wé páálí rẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ sí ògiri tí kò kọjú sí òkun. Ẹ máa fi aṣọ bò ó tí ẹ ò bá wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ láìtàn fún oṣù kan. Ìgbóná rẹ̀ ló ń lé ọ̀rinrin kúrò nínú rẹ̀. Tí ó bá kú tí kò sí àtúnṣe mọ́, ẹ gbé e wá fún ẹni tó ń tún un ṣe ní Igbókọ̀dá. Á yọ ohun tó wúlò nínú rẹ̀, á sì mọ àwọn tó ń ra ìyókù. Odò kọ́ ni kí ẹ jù ú sí.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ti wà lójú òkun kó tó ka ìwé yìí, kó má fòyà. Kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lónìí, kó ní kó wá fọ́tò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà tàbí ti páálí rẹ̀. Bí ó bá rí 100-240V, 50/60Hz níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ní ti iná. Bí ó bá jẹ́ 120V, 60Hz, kí ó ra tiransifọ́mà kí ẹrù tó gúnlẹ̀, kó gé púlọ́ọ̀gù orí tẹlifíṣọ̀n náà kúrò, kó so ó mọ́ tiransifọ́mà náà lẹ́ẹ̀kan, kí ọwọ́ ọmọ kankan má lè yọ ọ́. Kí ó sì kọ́kọ́ yá dìkódà aládùúgbò dán an wò, kó tó sanwó fún tirẹ̀.